Ọdẹ́níran àti Kóró Funfun Inú Orí Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́ra. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó gbé e mì. Ẹni tó ń wúkọ́, kó wú u tán báyìí, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ń gun òkè, mi ò sì ní í dúró de ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé inú ìwé wo ni mo ti kà á. Mi ò jókòó sórí bẹ́ǹṣì olùkọ́ kankan rí. Ẹsẹ̀ àti etí ni mo fi kó ohun tí mo mọ̀ jọ. Bí ọ̀mọ̀wé kan bá wà láàárín yín tó rò pé irọ́ ni mo ń pa, kó dìde nísinsìnyí ká jọ sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Kò sí? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọdẹ kan wà ní abà Ìdí-Àràbà, Ọdẹ́níran lorúkọ rẹ̀. Ọkùnrin gíga, ẹsẹ̀ gbọọrọ. Bí ẹ bá rí i lójú ọ̀nà oko, ẹ óò rò pé nǹkan ń lé e bọ̀ ni. Nínú ẹgbẹ́ ọdẹ tiwọn, òfin kan wà: ẹni tó bá ti fi ilé sílẹ̀ kò gbọdọ̀ yí padà láìtíì kó nǹkan sápò. Bí o bá yí padà, lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n á fi ewé kókò dé ọ lórí bíi fìlà, wọ́n á máa kí ọ pé, "Ẹ kú ilé o, ìyàwó wa." Ogójì ọdún ni Ọdẹ́níran fi ṣọdẹ, kò dé ewé kókò rí. Ó máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í.

Ó ní aya kan, Àwẹ̀ró, ahunpẹ̀rẹ̀ ni, ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú dáadáa lọ́dún kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Àwẹ̀ró. Wọ́n ní oòrùn ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, igbá omi bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó fọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn bọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀, ó sì ń fi orúkọ Ìgè, ọmọ rẹ̀, pe ewúrẹ́. Ṣẹ̀gi, ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, kò bá ẹnikẹ́ni ṣèpàdé. Ó di àbúrò rẹ̀ mú, ó gbé e lọ sí ọsibítù ní ìlú ńlá, Ọdẹ́níran sì tẹ̀ lé wọn.

Níbẹ̀, wọ́n tẹ́ Àwẹ̀ró sórí ibùsùn tóóró kan. Ibùsùn náà gbéra fúnra rẹ̀, ó wọ inú òrùka ràgàjì kan bí ìka ṣe ń wọ òrùka, òrùka náà sì ń kùn bí ilé oyin. Síkáànù ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, dókítà gbé fíìmù dúdú kan sójú fèrèsé. Ogún àwòrán kéékèèké ló wà lára rẹ̀, gbogbo wọn rí roboto bí iṣu tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú àwo.

Ojú Ọdẹ́níran kò wo mọ́kàndínlógún. Ọ̀kan ló wò. Láàárín gbùngbùn rẹ̀, ó rí kóró kan, funfun báláú, kò tó ẹyọ àgbàdo. Ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú un fà sẹ́yìn fún yín, nítorí kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan rí. Ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìgbà náà, ní òwúrọ̀ kan tí ìrì bo gbogbo oko, ó yìnbọn sí ẹtu kan nínú igbó. Bí ìbọn ṣe dún ni ẹnìkan ké "Yéè!" lẹ́yìn igbó. Àwẹ̀ró ni, tó lọ wá olú. Ó jáde, ó fọwọ́ di orí mú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń jò lókè etí rẹ̀. Ó ní, "Igi ló ya mí lórí." Ọdẹ́níran kò bèèrè ohunkóhun. Ó gbé agbọ̀n olú fún un, wọ́n jọ lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń rò ó pé ọta òun wà nínú orí aya òun. Wàyí o, ọta náà rèé, funfun, tó ń wò ó látinú fíìmù.

Dókítà ń sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń là, ó ń pa dé. Etí Ọdẹ́níran ti di pátápátá. Ìgbà tí etí náà máa là, ohun tó gbọ́ ni pé, "Kó má ju ọjọ́ méje lọ, bàbá. Ẹ tẹ̀ka síbí, ká lè ṣí orí wọn díẹ̀."

Ṣí orí kẹ̀! Ó ti rí i lójú ara rẹ̀: wọ́n á yọ ọta náà, wọ́n á gbé e sínú àwo, wọ́n á wo ojú ìdílé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì bèèrè pé ta ló ní ìbọn nílé yìí.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó," ló wí.

Ṣẹ̀gi yí sí i. "Kí lo fẹ́ lọ rò? Ṣé agbárí tìrẹ ni wọ́n fẹ́ ṣí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ọjọ́ méje."

"Ọjọ́ méje tí wọ́n fún àbúrò mi náà lo fẹ́ jẹ tán yẹn? Àwọn èèyàn wọ̀nyí ní àyàfi kí ọkọ rẹ̀ tẹ̀ka! Ọdẹ́níran! Ọkùnrin yìí! Ibo lò ń lọ?"

Ó ti lọ. Ó sì ti fi fíìmù náà sínú àpò ọdẹ rẹ̀.

Ẹ má tíì bú u. Mo mọ̀ pé ẹnu ń yún yín. Ó lè bi dókítà, àbí? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi dókítà pé "Ṣé ọta ìbọn nìyí?" ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi tán. Ohun tí Ọdẹ́níran ń wá ni ẹni tó máa dá a lóhùn tí kò sì ní í sọ fún Ṣẹ̀gi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Ó wá rántí Òkè Ìkùukùu-Dábẹ́, òkè tí ìkùukùu máa ń sùn sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ajá. Gbogbo ọdẹ ló ti gbọ́ pé lórí rẹ̀ ni ìlú àwọn Onípele wà, àwọn ẹbọra tó ń rí inú ara láìfi ọ̀bẹ kàn án.

Bó ṣe la igbó méje kọjá, mi ò ní í fi yọ yín lẹ́nu. Igbó ni, igi ló wà níbẹ̀.

Lẹ́sẹ̀ òkè náà, ó bá Gbèémí, oníbodè. Àyà iwin yìí fẹ̀ bí ilẹ̀kùn méjì tó ṣí sílẹ̀, orí rẹ̀ sì kéré bí ọsàn. Àpò awọ ló yí i ká, wọ́n kún bámúbámú, wọ́n ń wú, wọ́n ń rọ̀.

"Ọdẹ, o káàbọ̀. Èémí ni mò ń gbà níbí. Ẹni tó bá ń gòkè á fi ìdajì èémí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, á sì gbà á padà bó bá ń bọ̀."

"Gbà á. Ìdajì tèmi pọ̀ ju odindi tìrẹ lọ."

Gbèémí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó na ìka méjì, ó fa èémí náà yọ láyà ọdẹ bí ẹni ń fa òwú yọ nínú aṣọ, ó ká a sínú àpò kan. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Máa rìn bí arúgbó. Mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́. Ibi tí o bá gùn dé lọ́sàn-án, sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kí o tó sùn. Bí orí bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, má gbé ẹsẹ̀ kan sókè mọ́. Padà sísàlẹ̀."

"Padà kẹ̀?"

"Padà."

"Ọdẹ kì í padà."

"Mo mọ̀," ni Gbèémí wí, ó sì nawọ́ sí àwọn àpò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Èémí àwọn ọdẹ tí kò padà wá gbà á nìyẹn. Àpò méjìlá."

Ọdẹ́níran pòṣé, ó kọrí sókè. Ọ̀nà náà rí tín-ín-rín, ó ń gba góńgó òkè kan bọ́ sórí òmíràn, ọ̀gbun lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì. Igi ń kúrú sí i: wọ́n ga dé èjìká, wọ́n ga dé orúnkún, kò sì pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi di koríko, tí koríko di òkúta. Otútù ń gé e létí. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì, ó sì ń sáré. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó ń sáré. Ó bì, ó nu ẹnu, ó ń sáré.

Ibẹ̀ ló ti já sí pápá àwọn Asárégòkè. Ẹ wò ó, mo ti rí ohun tó ń dẹ́rù bani láyé mi, erin ti lé mi gun orí igi rí, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí pápá yẹn! Àwọn èèyàn jókòó sórí òkúta lọ súà, ètè wọn dúdú bí aró, olúkúlùkù ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀rẹ́, jókòó. A ti dé."

"Dé ibo?"

"Òkè téńté."

Òkè téńté ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, ó jìnnà bí ọ̀run. Ṣùgbọ́n ojú Ọdẹ́níran ti ń ṣe bàìbàì. Ó jókòó. Bó ṣe jókòó ni ó rí Àwẹ̀ró níwájú rẹ̀, ó ń hun apẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì le koko, kóró kankan ò sí lórí rẹ̀. Inú ọdẹ dùn. Ó ní òun ò lọ ibì kankan mọ́.

Pàà! Igi bà á lẹ́sẹ̀. Ìyá arúgbó kan ló dúró tì í, kúkúrú, ẹrù igi tó gbé sẹ́yìn ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ìyá Rọra ni, ẹni tí ń kó igi lọ fún àwọn Onípele láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan, á mí lẹ́ẹ̀kan.

"Orí ń fọ́ ọ," ni ìyá wí.

"Orí ò fọ́ mi."

"Ka ìka ọwọ́ rẹ kí n gbọ́."

Ọdẹ́níran gbé ọwọ́ sókè. "Ení, èjì, ẹ̀rin, ẹtu..."

"Dìde. Ìsàlẹ̀ là ń lọ."

"Màmá, ọdẹ kì í..."

"Ìwọ tí ìka rẹ ti di ẹtu!"

"Wọ́n á dé mi ní ewé kókò."

Ìyá Rọra sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọmọ mi, ta ló ń dúró dè ọ́ nílé?"

"Ìyàwó mi."

"Ṣé òun ló ní kí o wá kú síbí, kí àwọn ọkùnrin kan má bàa fi ọ́ rẹ́rìn-ín?"

Ọdẹ́níran mú àpò rẹ̀. Ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí òkè. Ẹsẹ̀ ogójì ọdún yìí yí padà, àpò rẹ̀ ò sì ní ẹran nínú. Ó sunkún bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ìyá sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ibi tí koríko ti pàdé òkúta ni ó sùn. Nígbà tó jí, orí rẹ̀ ti fúyẹ́. Ìgbà náà ló tó wá sí i lọ́kàn pé ohun tí orí òun ṣe fún ọjọ́ kan yìí, tí òun ń pe ìka ní ẹtu, òun ni orí Àwẹ̀ró ti ń ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ó ń pe ewúrẹ́ ní Ìgè, tí àwọn kan nínú ilé sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ méjì ni ó fi tẹ̀ lé Ìyá Rọra: ẹsẹ̀ kan, èémí kan, wọ́n á gùn ún, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ìlú Onípele ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún.

Ẹ má pariwo, ìlú náà rèé. Àwọn ará ibẹ̀ rí bí èèyàn níwájú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yíjú sí ẹ̀gbẹ́, ẹ óò rí i pé ìpele-ìpele ni wọ́n, ọ̀kan lórí èkejì, bí ewé ìwé. Afẹ́fẹ́ fẹ́, inú wọn ṣí, ó tún pa dé. Ìyá kan ń ṣí ikùn ọkọ rẹ̀ wò, ó ń pariwo, "O ní o ò jẹ nǹkan! Iṣu ta ni èyí?" Kò sẹ́ni tó lè pa irọ́ oúnjẹ níbẹ̀.

Olórí wọn ni Atúpele, bàbá tí ìka rẹ̀ tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀, ó fa fíìmù yọ.

"Kí lo wá bèèrè?" ni Atúpele wí.

"Ẹ bá mi wo ohun tó wà níbẹ̀, bàbá."

"Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè. Ohun púpọ̀ ló wà níbẹ̀. Èwo lò ń wá?"

Òógùn bo Ọdẹ́níran nínú otútù yẹn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Ṣé èmi ni mo yìnbọn fún ìyàwó mi?"

Ìyá tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà pa ikùn ọkọ náà dé. Atúpele wo fíìmù, ó wo ọdẹ.

"Bí o bá rí ojú ẹsẹ̀ ẹran kan ṣoṣo nílẹ̀, ṣé o mọ ibi tí ẹran náà ń lọ?"

"Rárá o. Mo gbọ́dọ̀ rí èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e."

"Ogún ni àwòrán yìí. Mélòó lo wò?"

"Ọ̀kan," ni Ọdẹ́níran wí.

Atúpele fi èékánná gé àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí ẹní ní ìpele-ìpele láti àgbọ̀n lọ sókè. Ẹ gbọ́ o! Orí Àwẹ̀ró dìde dúró lórí ẹní náà, ó mọ́ gaara bí omi inú ìgò.

"Egungun ni funfun tó yí i ká yìí," ni Atúpele wí. "Afẹ́fẹ́ ló dúdú biribiri. Ọpọlọ ló rí bí eérú. Irin ńkọ́? Irin ò lè fara pamọ́ nínú irú àwòrán yìí. Ọta ìbọn á ta ìtànṣán kiri bí oòrùn tó yọ láàárín ẹ̀ka igi, á ba gbogbo àyíká rẹ̀ jẹ́. Wo kóró tìrẹ. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé o rí ìtànṣán kankan?"

"Mi ò rí i."

Atúpele yíjú sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ṣí ìpele kan láàárín orí ara rẹ̀. Kóró funfun kan wà níbẹ̀, ibì kan náà gan-an. "Èmi náà ní i. Bóyá ìwọ náà ní i. Ọjọ́ orí ló máa ń fi í sórí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìwọ kọ́ lo yìn ín."

Ọdẹ́níran dojú bolẹ̀, ó ké bí ọmọ ọwọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ yẹn.

"Dákẹ́," ni Atúpele wí. "Ohun tó ń pa á lọ wà níbí, o ò tilẹ̀ yà síbẹ̀."

Ó fi ìka tọ́ ọ. Láàárín egungun àti ọpọlọ, ohun kan tẹ̀ kọdọrọ bí oṣù tuntun, ó ń ti ọpọlọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Apá wo ló wà?"

"Òsì."

"Ọwọ́ wo ni igbá ń bọ́ nínú rẹ̀?"

"Òsì náà ni."

"O ṣì í. Àwọn tó ń ka irú àwòrán yìí máa ń wò ó bí ẹni dúró síbi ẹsẹ̀ aláìsàn. Òsì rẹ ni ọ̀tún rẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá kọjú síra yín. Ọ̀tún orí ló sì ń darí ọwọ́ òsì. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ tuntun a máa funfun; èyí ti ṣá, ó ti tó oṣù kan. Kí ló forí gbá?"

Ọdẹ́níran dìde jókòó. Àtérígbà ilé ìdáná tuntun! Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, ó kọ́ ọ sísàlẹ̀ jù. Àwẹ̀ró forí gbá a, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun Àwẹ̀ró ló tún rẹ́rìn-ín jù.

"Ihò kékeré ni wọ́n máa lu síbẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ náà lè jò jáde. Ọ̀pọ̀ ló ń tipa bẹ́ẹ̀ yè, bí wọn ò bá fi falẹ̀."

"Ṣé ohun tí dókítà ń sọ nìyẹn?"

"Mi ò sí níbẹ̀," ni Atúpele wí. "Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Méjì."

"Kí lo wá ń wò mí fún?"

Ọdẹ́níran kò dágbére. Èémí ń pọ̀ sí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Gbèémí ń pe orúkọ rẹ̀ látòkèèrè, ó ń ju àpò èémí rẹ̀ sókè bíi bọ́ọ̀lù. "Ọdẹ tó padà! Ọdẹ tó padà!" Ọdẹ́níran gbà á mọ́ àyà láìdúró.

Ọ̀sán ọjọ́ keje ló já wọ ọsibítù. Àwẹ̀ró ti ń sun oorun tí wọn ò lè jí i nínú rẹ̀. Ohun tí Ṣẹ̀gi sọ fún un lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ ọ́ níbí, obìnrin wà níjòókòó. Ọdẹ́níran na àtàǹpàkò. Ó tẹ̀ka síbi tí dókítà ní kó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọn ò ní kó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé Àwẹ̀ró wọlé, wọ́n lu ihò náà, omi dúdú kan jò jáde bí ọ́ìlì tí wọ́n dà jáde nínú ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́ kẹta, Àwẹ̀ró lajú. Ó pe Ìgè ní Ìgè. Ó bi Ṣẹ̀gi pé ta ló ń fún ewúrẹ́ òun lóúnjẹ. Ìgbà tí Ṣẹ̀gi jáde lọ bu omi, Ọdẹ́níran fa àpótí mọ́ ibùsùn.

"Àwẹ̀ró. Ọjọ́ olú yẹn, lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Èmi ni mo yìnbọn."

"Mo gbọ́ ọ. Ta ni kò gbọ́ ọ?"

"Mo rò pé ó bà ọ́ lórí ni."

Àwẹ̀ró rọra yí ojú sí i. "Kí ni mo wí fún yín lọ́jọ́ náà?"

"O ní igi ni."

"Igi náà ni, Bàbá Ìgè. Ìbọn dún, mo sáré, mo forí gbá ẹ̀ka. Àbí ẹ rò pé mo ń bò yín láṣìírí?"

Ọdẹ́níran mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi máa ń fọwọ́ wá mi lórí, bí ẹ bá rò pé mo ti sùn. Mo rò pé ìfẹ́ ni."

"Ìfẹ́ ni."

"Ìbẹ̀rù ni."

"Méjèèjì ni," ni Ọdẹ́níran wí.

Ó sọ ti òkè fún un, ti Gbèémí, ti Ìyá Rọra, ti àwọn Onípele. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, títí kan ìka tó di ẹtu. Àwẹ̀ró gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni inú bí i, ó bí i gidigidi, ọrùn rẹ̀ le lórí ìrọ̀rí.

"Ẹ gun ibi tí kò sí èémí, ẹ lọ bi iwin ní ohun tó wà nínú orí mi. Ẹnu mi ńkọ́? Ṣé abẹ́ orí ẹlòmíràn ló wà ni?"

Ọkùnrin tó bá Gbèémí ṣakọ doríkodò. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwẹ̀ró wò ó pẹ́, títí ìbínú náà fi ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ sún mọ́bí. Ọdún mẹ́sàn-án pọ̀. Kí ni nǹkan yòókù tí ẹ ò tíì bi mí?"

Ọdẹ́níran sún àpótí rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Nígbà tí Ṣẹ̀gi gbé omi dé, tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó rọra fa ilẹ̀kùn pa dé, ó jókòó sí ìta.

Èmi náà jókòó síbẹ̀ wàyí. Ẹsẹ̀ ti ń ro ìtàn mi. Ẹ̀yin ọkọ tó wà níbí, ẹ má bi mí ní nǹkan kan. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé.